Iṣẹ́ Ìsìn Inú Ọkàn: Ìtumọ̀ Àdúrà Nínú Èrò Àwọn Júù

Tefillah ni orúkọ tí àdúrà ń jẹ́ ní èdè Hébérù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a tan, lehitpallel, wà ní ìrísí kan tí èdè náà sábà máa ń lò fún ìṣe tí ó ń padà sórí ẹni tí ó ṣe é, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wẹ ara rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì tan mọ́ ìdájọ́ àti ẹ̀bẹ̀ lórí ẹlòmíràn. Ẹnu àwọn onímọ̀ èdè kò kò lórí bí ìtumọ̀ náà ti ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ Júù ti dúró lé e láti kọ́ni pé ẹni tí ó ń gbàdúrà ń gbé ara rẹ̀ lé òṣùwọ̀n kí ó tó béèrè ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ "àdúrà" tí Yorùbá ń lò, èyí tí ó ti inú èdè Lárúbáwá bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọlé, ìpè ni ó dúró fún ní orísun rẹ̀; ojú rẹ̀ wà lára Ẹni tí a ń pè, nígbà tí ojú ọ̀rọ̀ Hébérù wà lára ẹni tí ó ń pè.

Ní ìgbà láéláé, ẹbọ ni ó wà ní àárín gbùngbùn ìsìn àwọn Júù. Nígbà tí ọmọ-ogun Róòmù dáná sun Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, pẹpẹ kò sí mọ́, iṣẹ́ àlùfáà sì dẹnu kọlẹ̀. Àdúrà ti wà ṣáájú àkókò yìí, ṣùgbọ́n àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin, ni ó gbé e dé ipò tí ẹbọ fi sílẹ̀. Nínú Talmud, ìwé ńlá tí a kó àríyànjiyàn àti ìdájọ́ wọn jọ sí, wọ́n tọ́ka sí ibi tí Òfin ti pàṣẹ pé kí a fi gbogbo ọkàn sin Ọlọ́run, wọ́n béèrè irú iṣẹ́ ìsìn tí ènìyàn lè ṣe nínú ọkàn, wọ́n sì dáhùn pé àdúrà ni. Avodah ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, ọ̀rọ̀ kan náà tí Hébérù ń lò fún iṣẹ́ oko àti fún iṣẹ́ àlùfáà nídìí pẹpẹ, tí ó fi hàn pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ka àdúrà sí, iṣẹ́ tí ó ní àkókò tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí ó sì ń gba agbára.

Òpó tí ó gbé gbogbo rẹ̀ ró ni Amidah, tí ó túmọ̀ sí ìdúró. Ẹni tí ó fẹ́ gbà á yóò kọjú sí Jerúsálẹ́mù, yóò gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú bí ẹni tí ó ń wọlé tọ ọba lọ, yóò pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò sì máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ débi pé etí tirẹ̀ nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Bí ó bá parí, yóò fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta kúrò. Ìbùkún 18 ni ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di 19, síbẹ̀ orúkọ 18 náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ìyìn ni ó ṣíwájú, ẹ̀bẹ̀ fún ọgbọ́n, ìdáríjì, ìwòsàn àti ìkórè wà láàárín, ìdúpẹ́ sì wà lápá ìparí. Ohun tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò ni pé, ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ẹ̀bẹ̀ àárín wọ̀nyí ni wọ́n ń yọ kúrò, tí wọ́n sì ń fi ìbùkún kan ṣoṣo nípa ìwà mímọ́ ọjọ́ náà rọ́pò wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ìbéèrè ni àdúrà, ọjọ́ tí ó mọ́ jù lọ nínú ọ̀sẹ̀ ni à bá máa béèrè jù. Òdìkejì rẹ̀ ni àwọn Júù ń ṣe.

Ẹni tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́ àdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe àlùfáà, kì í sì í ṣe ọba. Hánà inú Bíbélì ni, obìnrin tí ó yàgàn, tí orogún rẹ̀ ń fi àìbímọ mú un bínú lọ́dọọdún, títí ó fi dúró ní ilé Ọlọ́run ní Ṣílò tí ètè rẹ̀ ń mì tí ohùn rẹ̀ kò jáde, tí Élì àlùfáà tí ó jókòó lẹ́bàá òpó ilẹ̀kùn sì rò pé ó mutí yó. Láti inú ìtàn yìí ni Talmud ti fa òfin yọ: ọkàn gbọ́dọ̀ wà nínú àdúrà, ètè gbọ́dọ̀ pe ọ̀rọ̀ náà, ohùn kò gbọdọ̀ ròkè, ẹni tí ó yó kò sì gbọdọ̀ gbà á. Ó jẹ́ ohun ńlá pé olùtọ́jú ilé Ọlọ́run gan-an ni ó ṣi àdúrà mọ̀, tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ sì di olùkọ́ gbogbo ìran tí ó tẹ̀lé e.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a ti tò kalẹ̀ lè di ohun tí ẹnu ń sọ tí ọkàn kò sí níbẹ̀. Kavvanah, ìyẹn ìdarí ọkàn sí ohun tí ẹnu ń sọ, ni wọ́n fi ń kojú ewu yìí. Nínú Mishnah, àkójọ òfin tí wọ́n tò parí ní nǹkan bí ọdún 200, Rábì Eliezer kọ́ni pé ẹni tí ó bá sọ àdúrà di ìṣe lásán kò bẹ̀bẹ̀ rárá, ìwé kan náà sì ròyìn pé àwọn olùfọkànsìn ìgbà àtijọ́ a máa fi odidi wákàtí kan dákẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀ tí ó gúnni lọ́kàn: ẹni tí ó ń ti ìrìn àjò bọ̀, tí ó gbọ́ igbe nínú ìlú, tí ó sì gbàdúrà pé kí ó má jẹ́ ilé òun, àdúrà asán ni ó gbà. Igbe ti ta. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ lè gbà, ilé aládùúgbò ni ibi náà yóò yà sí.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Rábì Nachman ti Breslov (1772–1810), ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ Hasid, ìyẹn ẹgbẹ́ ìsìn Júù kan ní Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, gba àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ níyànjú pé, yàtọ̀ sí àdúrà inú ìwé, kí oníkálukú máa dá lọ sí pápá lójoojúmọ́ kí ó sì fi èdè abínibí rẹ̀ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì jáde, kí ó sọ fún Ọlọ́run pé ọ̀rọ̀ kò jáde.

Àdúrà kan wà tí a kò lè dá gbà ní pápá. Kaddish ni, tí ọ̀pọ̀ jùlọ rẹ̀ wà ní èdè Árámáìkì, tí ọmọ tí òbí rẹ̀ kú ń kà fún oṣù 11. Kò dárúkọ ikú níbì kankan. Ìyìn Ọlọ́run ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, láti ẹnu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú. Minyan, ìyẹn àgbàlagbà 10, gbọ́dọ̀ pé kí ó tó kà á. Ọkùnrin nìkan ni àwọn tí ó di àṣà àtijọ́ mú ṣinṣin ń kà mọ́ wọn, àwọn ìjọ mìíràn sì ń ka obìnrin pẹ̀lú. Nínú ìjọ kékeré tí ènìyàn mẹ́sàn-án péjọ sí láàárọ̀, ẹnì kan a máa jáde sí òpópónà láti wá ẹni kẹwàá. Bí onítọ̀hún bá wọlé, ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ yóò dìde, àwọn mẹ́sàn-án yòókù yóò sì máa dá a lóhùn pé Àmín.