Ọwọ́ Tí Ń Se Oúnjẹ Àwọn Ọmọ Wa



Ní ọdún 2012, nígbà Gómìnà Rauf Aregbesola, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tò, a sì pè é ní O-Meals. Àwọn alásè tí a gbà ju 3,000 lọ. A kọ́ wọn ní ìmọ́tótó, a sì fún wọn ní aṣọ iṣẹ́. Ní 2016, Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ í sè fún ilé rẹ̀ lè má mọ bí a ti ń bọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí alásè kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò kọ́ arọ́pò rẹ̀? Bí owó ọjà bá sì pẹ́ kí ó tó dé, inú àwo ọmọ ni àìtó náà yóò ti hàn.

Nítorí náà, kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan àwọn ìyá tí ó gbówọ́ nínú iṣẹ́ yìí, kí wọn máa bẹ ibi ìdáná wò, kí wọn sì máa kọ́ àwọn alásè tuntun. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.