Ewúrẹ́ Tí Kì Í Ṣe Ewúrẹ́

Bí ọ̀dọ́ kan bá pe Messi agbábọ́ọ̀lù ní "GOAT", kò bú u o. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n so pọ̀, "Greatest Of All Time", ìyẹn ẹni tí kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n "goat" mìíràn wà tó dún bákan náà gẹ́lẹ́. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè, ewúrẹ́ ni. Lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ mú kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ni. Ohun tí wọ́n fi pe Bill Buckner, tó ń gbá baseball, nìyẹn ní 1986, nígbà tí bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Àwọn kan á ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. N kò gbà. Láti 1992 ni ìyàwó Muhammad Ali ti fi G.O.A.T. sọ ilé-iṣẹ́ kan lórúkọ. Ní 2000, olórin rap LL Cool J fi sọ àwo orin rẹ̀ lórúkọ. Ọdún 2018 ni ìwé atúmọ̀-èdè Merriam-Webster ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé. Ìwé atúmọ̀-èdè kì í pàṣẹ fẹ́nu; ohun tẹ́nu ti ń sọ ló ń kọ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé etí kì í gbọ́ lẹ́tà ńlá, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní àmì ohùn bí èyí tó ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba ní Yorùbá. Gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ náà ká ló ń tú u. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ délẹ̀ kẹ́ ẹ tó bínú sí ọmọ yín.