Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Ara

Àṣìṣe nínú iṣẹ́ abẹ la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Lọ́dún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde láti dènà irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ojú ewé kan péré, nǹkan 19 tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta làwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ń dúró kà á sókè: kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí aláìsàn tó kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí lorúkọ rẹ̀? Ibo gan-an la fẹ́ là? Ṣé oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà? Níparí, nọ́ọ̀sì á ka abẹ́rẹ́ àti aṣọ tí wọ́n fi nu ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má bàa rán ọ̀kan mọ́ èèyàn nínú.

Dókítà Atul Gawande àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ, títí dé Ifakara ní Tanzania. Èsì wọn jáde lọ́dún 2009: ikú já wálẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú 100 aláìsàn.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ìwé náà ni pé oníkálukú gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré lè rí àṣìṣe ọ̀gá kó panu mọ́ nítorí ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá ti fọhùn lẹ́ẹ̀kan, á rọrùn fún un láti tún fọhùn. Ẹ̀yin ọ̀gá dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jágbe mọ́ ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dúró.