Phil Taylor: Ọmọṣẹ́ Tó Na Ọ̀gá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ni mo gbé wá lónìí, inú eré dáàtì ni mo sì ti rí i. Phil Taylor, ará Stoke-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà 16. Láti 1995 dé 2002, kò sẹ́ni tó rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: ọfà kékeré mẹ́ta lo máa jù tó bá kàn ọ́, wàá dúró ní mítà 2.37 sí pátákó. Látorí 501, wàá máa yọ ọ́ títí á fi di òdo.

Kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká, iléeṣẹ́ ni Taylor wà, ó ń ṣe ohun èlò tánganran fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Eric Bristow, tó ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún, ló rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ó yá a ní nǹkan bíi £10,000 kó lè gbájú mọ́ dáàtì. Àmọ́ Bristow kì í kẹ́ ọmọṣẹ́ o! Wọ́n ní bí Taylor bá pè é pé òun ṣe ipò kejì, á ní kó pe òun tó bá borí, á sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ibi tó kàn mí nìyí. Lásìkò yẹn, ọwọ́ Bristow fúnra rẹ̀ ti ń dà á. Ó fẹ́ ju ọfà, ìka rẹ̀ ò fi í sílẹ̀. Dartitis ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ. Wọ́n pàdé ní àṣekágbá 1990, Taylor sì na ọ̀gá rẹ̀ ní 6-1. Ẹ ò rí i, fírídọ̀mù gidi nìyẹn!

Ọ̀pọ̀ wa la mọ ọ̀gá tó jẹ́ pé tí iṣẹ́ bá ti dé ibi tó le, á ní kó o lọ ra omi wá. Ẹ̀rù ń bà á pé o máa gba oníbàárà òun.

January 1, 2018 ni Taylor ta àṣekágbá tó fi fẹ̀yìn tì, lẹ́ni ọdún 57. Rob Cross, oníṣẹ́ iná tẹ́lẹ̀, tó ń kópa fún ìgbà àkọ́kọ́, fi 7-2 nà án. Oṣù kẹrin ọdún náà ni Bristow kú. Ife 16 yẹn, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ dópin. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.