Lẹ́ǹsì Gígùn àti Igún Tí Ó Kù ní Òkè Wa

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ wà nídìí rédíò, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tòní kàn yín púpọ̀.

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin kan rí ní ọ̀nà Kabba sí Ìyàrá ní ìdájí, tí ó gbé àpò gígùn kọ́ èjìká bí ẹni tí ó gbé ìbọn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èmi. Kì í ṣe ìbọn ni ó wà nínú àpò náà, ṣùgbọ́n n kò bá ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ jà. Ní ọjọ́ kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ojú ọ̀nà dá mi dúró, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n sì tú ẹrù mi. Nígbà tí wọ́n rí ohun dúdú roboto tí ó gùn tó apá ọmọdé, ọ̀kan nínú wọn fà sẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ojú sí i, kí ó wo orí òkè tí ó wà níwájú wa. Ó wò ó, ó kígbe pé, "Họ́wù! Ewúrẹ́ kan ń jẹko lórí àpáta lọ́hùn-ún!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Tíṣà Oníkámẹ́rà.

Ohun dúdú roboto yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Lẹ́ǹsì gígùn ni. Gbogbo kámẹ́rà ni ó ní lẹ́ǹsì, èyíinì ni awò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, mìlímítà ni a sì fi ń wọn agbára rẹ̀. Lórí kámẹ́rà ńlá, lẹ́ǹsì mìlímítà 50 a máa fi nǹkan hàn bí ojú wa ti ń rí i. Èyí tí ó jẹ́ 100 a mú un tóbi ní ìlọ́po méjì, èyí tí ó jẹ́ 600 a mú un tóbi ní ìlọ́po méjìlá. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ẹyẹ kan bá jìnnà sí mi ní mítà 120, tí ó ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ, lẹ́ǹsì 600 yóò yà á bí ẹni pé mo fi 50 yà á ní mítà 10. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti 150, ó sì dé 600. Bí mo bá yí òrùka tí ó wà lára rẹ̀ sí apá kan, a fa ẹyẹ mọ́ra. Bí mo bá yí i padà, a tú u sílẹ̀ kí n lè rí gbogbo igi tí ẹyẹ náà bà lé. Èyí ni wọ́n ń pè ní súùmù.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná. Ní 1891 ni Thomas Dallmeyer ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé-àṣẹ lórí lẹ́ǹsì tí ń fa ohun ọ̀nà jíjìn mọ́ra, àwọn ará Jámánì náà sì ń ṣe irú rẹ̀ ní àkókò kan náà. Súùmù àkọ́kọ́ tí a tà fún kámẹ́rà aláwòrán dúró ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Voigtländer gbé jáde ní 1959. Kí ó tó di ìgbà náà, ọgbọ́n orí ni àwọn ènìyàn ń dá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard àti Cherry Kearton, tí wọ́n ya àwòrán ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀ ní 1892. Nígbà tí ó yá, wọ́n mú awọ màlúù, wọ́n ṣe é bí màlúù tí ó dúró, wọ́n sì ń sá pamọ́ sí inú rẹ̀ kí ẹyẹ má baà mọ̀ wọ́n. Bí ó bá ṣe pé ní ọ̀dọ̀ wa ni, Fúlàní ì bá ti dà wọ́n lọ sí odò mu omi.

Tòkunbọ̀ ni mo ra tèmi. Owó kaṣú ọdún méjì ni mo kó lé e lórí, ìyàwó mi kò sì tíì gbàgbé. Ẹni tí ó tà á fún mi, n kò ní dárúkọ rẹ̀, sọ pé ó mọ́ bí omi orísun. Nígbà tí mo dé ilé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, mo sì rí nǹkan bí okùn aláǹtakùn nínú awò náà. Ó ti bu, bí búrẹ́dì ti í bu. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó lẹ́ǹsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ojú ẹni tí ń tà á. Ẹ má sì ṣe tì í mọ́ inú àpótí ní ìgbà òjò, nítorí ọ̀rinrin ni oúnjẹ èbu. Àwọn àpò kékeré tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí a kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ ẹ́, ẹ má jù wọ́n nù. Wọ́n a máa fa ọ̀rinrin mu. Ní ìgbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ni ọ̀tá. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò ná kí ẹ tó fi aṣọ kàn án, nítorí eruku tí a bá fi aṣọ fà kiri yóò ha awò náà.

Ẹ má rò pé ẹni tí ó ra lẹ́ǹsì gígùn ti di ayàwòrán ẹranko. Bí ó ti ń sọ ẹyẹ di ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Ọwọ́ tí o rò pé ó dúró ṣinṣin yóò máa jó bàtá nínú lẹ́ǹsì 600. Nítorí náà, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú kíákíá. Òfin àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà rọrùn: bí lẹ́ǹsì bá jẹ́ 600, kí ìṣẹ́jú kámẹ́rà má pẹ́ ju ìdá 600 nínú sẹ́kọ́ńdì kan lọ, bí ó bá jẹ́ 200, ìdá 200. Àwọn lẹ́ǹsì òde òní ní ẹ̀rọ tí ń bá ọwọ́ mú un dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè mú ẹyẹ dúró. Tèmi wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 2. Àpò aṣọ òfìfo ni mo ń gbé lọ. Iyanrìn ń dúró dè mí ní ẹsẹ̀ àpáta, n óò rọ ọ́ kún àpò náà, n óò sì gbé lẹ́ǹsì lé e.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Bí a bá fa irú lẹ́ǹsì tí apá tálákà ká dé òpin, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni ń wọ inú rẹ̀, nítorí náà a kò lè fi í ṣe púpọ̀ lábẹ́ igi ní ìdájí. Ẹni tí ó bá sì sọ pé òun yóò dúró de ọ̀sán, oòrùn ilẹ̀ wa yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Àpáta a gbóná, ooru a máa rú sókè láti ara rẹ̀, àwòrán a sì rí bí ohun tí a wò láti inú omi. Kò sí lẹ́ǹsì tí owó lè rà tí ó borí èyí. Láti nǹkan bí aago 7 sí aago 9 òwúrọ̀ ni wákàtí mi, àti wákàtí tí ó kẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé mi gun òkè. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igún pọ̀ ní ibi tí a ti ń pa màlúù débi pé a ń lé wọn bí adìẹ. Àwọn àgbà a máa retí wọn nídìí ẹbọ. Bí igún bá wá jẹ ẹ́, wọ́n a ní ẹbọ ti dà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ kíláàsì kẹrin kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé igún wà?" bí ẹni tí ń béèrè nípa iwin. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ní 2015 ni àjọ IUCN, tí ń ka àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ parẹ́, fi igún wa tí a mọ̀ yìí sí ìpele tí ó kẹ́yìn kí a tó sọ pé ẹ̀dá kan ti tán nínú igbó. Májèlé ń pa á, wọ́n sì ń tà á fún oògùn. Ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, igún tí ó ju 2000 lọ ni májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, a sì bá púpọ̀ nínú wọn láìlórí.

Mo lọ bá bàbá ọdẹ kan tí ó ti mọ òkè wọ̀nyí kí a tó bí mi. Ní àkókò tí àwọn ajínigbé ń dààmú igbó wa yìí, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó dá gun òkè láìsọ fún olórí ìlú àti àwọn ọdẹ. Bàbá ní òun mọ igi àràbà kan tí takọtabo igún wà. A lọ ní oṣù Kejìlá. Nígbà tí mo rí ìtẹ́ náà, ara mi kò gbà á mọ́. Mo gbàgbé pé lẹ́ǹsì gígùn wà ní ọwọ́ mi, mo sáré sún mọ́ ìdí igi, mo yọ fóònù, mo yà á. Igún dìde fìrì, ó lọ. Kò pẹ́ tí kannakánná kan fi bà sí ẹ̀ka tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, ó ń na ọrùn wo inú rẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún máa ń yé ní ọdún kan, ẹ̀yin ará. Bàbá ju òkúta lu kannakánná, ó sì fà mí ní ẹ̀wù sẹ́yìn.

"Tíṣà," ni ó wí, "kí ni o wá ra gígùn ọwọ́ rẹ yẹn sí?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó ní ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀. Bí o bá dúró lẹ́yìn ààlà náà, ó rí ọ, kò sì kàn án. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan rékọjá rẹ̀, o di ọ̀tá. Ó ní kí n máa wo ọrùn ẹyẹ. Bí ó bá ń fi ẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, a wà ní àyè wa. Bí ó bá dáwọ́ dúró, tí ó na ọrùn, tí ó tẹjú mọ́ wa, kí a padà sẹ́yìn, kí a má dúró de ìgbà tí yóò fò. A padà dé orí àpáta kan tí ó tó nǹkan bí mítà 120 sí igi náà. Igún náà padà bọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, mo fi aago wò ó. Láti ọjọ́ náà, orí àpáta yẹn ni mo ń dúró sí. Ní oṣù Kejì, ní òwúrọ̀ kẹta tí mo ti ń ṣọ́ ọ, orí kékeré kan yọ láti inú ìtẹ́, ìyá rẹ̀ sì tẹríba fún un ní oúnjẹ. Mo ya mẹ́tàdínlógójì. Méjì péré ni ó dára.

Mo fi àwòrán náà han àwọn ọmọ kíláàsì. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí wá sí ilé mi, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì gbé owó ka orí tábìlì. Ó ju owó kaṣú ọdún kan lọ. Ibi tí igi náà wà ni ó fẹ́ mọ̀. N kò ní purọ́ fún yín, mo wo owó náà pẹ́, nítorí mo jẹ gbèsè owó ilé-ìwé ọmọ. Mo ní kí ó kó o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, àwọn ènìyàn mìíràn wà tí wọ́n ní àwòrán náà. Ìgbà yẹn ni àyà mi já. Àwòrán tí mo fi fóònù yà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi kan. Mo ṣí i wò, mo sì rí i pé fóònù ti kọ ibi tí a ti yà á sí inú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́mbà tí ó lè mú àjèjì dé ìdí igi gan-an.

Ní òru náà ni mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé Bàbá. Kò bá mi wí. Ó wọ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó jí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, wọ́n sì ṣọ́ igi náà ní òru mọ́kànlá. Ní òru karùn-ún, wọ́n rí iná tọ́ọ̀ṣì ní ìsàlẹ̀ òkè. Bàbá wúkọ́ kíkankíkan, iná náà kú, kò sì tún tàn mọ́. Àbúrò mi ti pa àwòrán náà rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù, ẹ wọ ibi ètò kámẹ́rà yín lónìí, kí ẹ pa ohun tí ń kọ ibi tí ẹ wà kí ẹ tó ya ìtẹ́ ẹyẹ kankan.

Àwọn kan yóò bi mí pé ṣé kí a kúkú má sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Rárá. Àwọn tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos ń darí, ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ ẹni gbogbo. Wọ́n pín ilẹ̀ sí àyè, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 9 ní òró àti 9 ní ìbú. Ẹni tí ó bá ka ìròyìn mi yóò mọ̀ pé igún wà ní agbègbè wa, ṣùgbọ́n kò ní mọ igi wo. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́ orúkọ òkè náà lẹ́nu mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ má sì wá bi mí.

Ní oṣù Kẹfà, èmi àti Bàbá tún lọ. Ìtẹ́ náà ti ṣófo, ọkàn mi sì bàjẹ́. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ó na ìka sókè. Igún mẹ́ta ń yí ká lábẹ́ àwọsánmà, wọn kò mi apá rárá. Mo gbé lẹ́ǹsì, mo fà á dé 600, wọ́n ṣì jìnnà. Ohun dúdú mẹ́ta tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ ni ó wà nínú àwòrán náà. Òun ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì mi.