Ọmọdé Tí A Ń Pè Ní Alàgbà: Ìgbé-Ayé Ọ̀dọ́ Ajíhìnrere Mọ́mọ́nì ní Ilẹ̀ Japan

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjòjì lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òótọ́ fún oníṣòwò tí ó lọ sí ìlú òkèèrè, ó jẹ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó lọ síbẹ̀ láti kọ́ onílùú ní ẹ̀sìn. Oníṣòwò lè nawọ́ sí ọjà rẹ̀, kí ó sì fi ìka ka owó. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ajíhìnrere ní. Bí kò bá gbọ́ èdè, ọwọ́ òfo ni ó gbé wọ̀lú. Ìgbé-ayé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ìjọ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mọ́mọ́nì. Ilẹ̀ tí a ó sì tẹjú mọ́ ni ilẹ̀ Japan.

Joseph Smith ni ó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 1830. Ìlú Salt Lake City ní ìpínlẹ̀ Utah ni olú-ilé rẹ̀ wà. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ìjọ yìí ń rán jáde. Ọdún méjì ni ọkùnrin ń lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Obìnrin ń lo oṣù 18. Tẹ́lẹ̀ rí, ọkùnrin gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 19, obìnrin 21, kí wọ́n tó lè lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ìjọ sọ ọ́ di 18 fún ọkùnrin àti 19 fún obìnrin. Wọn kì í gba owó oṣù. Ọ̀dọ́ náà, ẹbí rẹ̀ àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ ni ó ń dá owó oúnjẹ àti owó ilé. Ní oṣù keje ọdún 2020, ìjọ gbé iye tí ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń san lóṣù kúrò ní dọ́là 400, ó sọ ọ́ di dọ́là 500. Ọ̀dọ́ náà kọ́ ni ó sì ń yan ibi tí yóò lọ. Àwọn aṣáájú ìjọ ni yóò yàn án fún un, ibẹ̀ sì lè jẹ́ ìlú tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Gbàrà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ yí padà. A ó lẹ káàdì kékeré kan mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni a ó sì kọ sí i. Oyè tí ó ṣáájú orúkọ náà ni "Alàgbà". Ti obìnrin ni "Arábìnrin". Ní etí Yorùbá, oyè yìí wúwo. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí a bá pè ní alàgbà, a retí pé kí ó ti rí, kí ó ti gbọ́, kí ó sì ti fara da nǹkan. Ọmọ ọdún 18 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni a gbé oyè yìí wọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, kí ni yóò sọ ọ́ di ohun tí a ń pè é?

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Ọ̀kan wà ní ìlú Provo ní Utah, níbi tí a ti ń kọ́ni ní èdè tí ó lé ní 50. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó ń lò níbẹ̀ kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e lọ. Nígbà tí ó bá gúnlẹ̀, a ó fi ẹnìkejì kan tì í, ẹni tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára, tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa gbé, tí wọn yóò jọ máa jẹun, tí wọn yóò sì jọ máa rìn. Wọn kì í ya ara wọn, àfi bí ẹnì kan bá wọ balùwẹ̀. Kò yan ẹni náà. Ó sì lè jẹ́ pé ìwà wọn kò bára mu. Síbẹ̀, bí inú bá bí i, kò sí yàrá mìíràn tí yóò sá lọ.

Ètò ọjọ́ wọn le. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ìlànà ìjọ sọ pé kí wọ́n jí. Wọn yóò gbàdúrà, wọn yóò na ara, wọn yóò jẹun, wọn yóò sì ka ìwé mímọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ èdè yóò jókòó ti èdè náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wọ ẹ̀wù funfun, wọn yóò gun kẹ̀kẹ́, ó di ìgboro. Alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, iná kú. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní lọ́sẹ̀ láti fọṣọ, láti ra oúnjẹ, àti láti kọ lẹ́tà sílé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń gbọ́ ohùn òbí wọn lórí tẹlifóònù láàárín ọdún kan: ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ àwọn ìyá. Oṣù kejì ọdún 2019 ni ìjọ gbà pé kí wọ́n máa pe ilé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìṣòro tí ó tóbi jù ni ti èdè. Ọmọ Yorùbá ti mọ̀ láti kékeré pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ Amẹ́ríkà kò mọ irú rẹ̀. Ní Tokyo, bí a bá gbé ohùn sókè níbẹ̀rẹ̀ "hashi", igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun ni; bí ó bá jẹ́ ìparí rẹ̀ ni ohùn ti ròkè, afárá ni. Bákan náà, àwa ń fi "o" bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀, a sì ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀. Àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ fún ọ̀wọ̀ àti ọ̀tọ̀ fún ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tí "you" kan ṣoṣo ni ó fi bá ọba àti ìránṣẹ́ sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe ni yóò wá kọ́ gbogbo èyí.

Ìtumọ̀ tún wà tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Bí onílé bá dá a lóhùn pé "kekko desu", ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ lójú pépà ni pé "ó dára". Àjòjì lè rò pé wọ́n ní kí òun wọlé. Bẹ́ẹ̀ kọ́, onílé ń fi ọgbọ́n sọ pé òun kò fẹ́ ni. Yorùbá kò ní ṣòro láti lóye èyí. Bí a bá ní kí àlejò wá jẹun, tí kò sì fẹ́, kì í sọ pé "rárá". "Á gba ibi ire" ni yóò wí. Àdúrà ni ó fi kọ oúnjẹ. Ìgbà tí ọ̀dọ́ náà bá mọ irú èyí ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.

Bí onílé bá sì gbà á, tíì ewé tútù ni wọn yóò gbé fún un. Ní Japan, tíì fún àlejò dà bí obì lọ́dọ̀ tiwa. Òfin ìjọ Mọ́mọ́nì sì kọ tíì, kọfí, ọtí àti tábà. Ó ní láti kọ ọwọ́ tí a nà sí i láìjẹ́ pé ó kọ ẹni tí ó nà án. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, pẹpẹ kékeré lè wà níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn òkú ìdílé. Onílé lè máa rò ó pé, bí òun bá tẹ̀lé àlejò yìí, ta ni yóò máa tọ́jú pẹpẹ àwọn bàbá òun?

Ìtàn kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni sí i. Ọdún 1873 ni ìjọba Japan ká àwọn pátákó tí ó fòfin de ẹ̀sìn Krístì kúrò nígboro. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1901, ajíhìnrere Mọ́mọ́nì mẹ́rin gúnlẹ̀ sí Yokohama. Heber J. Grant ni olórí wọn, Alma O. Taylor, ọmọ ọdún 19, ni àbúrò gbogbo wọn. Èdè náà kò wọ Grant lára, ó sì padà lọ ní 1903. Taylor dúró. Ní 1905, a fi í ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ó túmọ̀ Ìwé Mọ́mọ́nì sí èdè Japan, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1909. Nígbà tí yóò fi padà sílé ní 1910, ó ti lo ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́jọ.

Bí a bá fi iye ènìyàn wọn iṣẹ́ náà, ó kéré. Láti 1901 títí di 1924, àwọn tí a rì bọmi kò tó 200. Ní 1924, Grant, tí ó ti di ààrẹ ìjọ nígbà náà, ti iṣẹ́ náà pa. Ọdún 1948 ni wọ́n tó tún un ṣí, lẹ́yìn ogun. Lónìí, iye ọmọ ìjọ ní Japan lé ní 100,000.

Àríwísí kò ṣàìsí. Àwọn kan ní ẹrù yìí ti wúwo jù fún ọmọ ọdún 18; wọ́n ń tọ́ka sí àárò ilé àti ìbànújẹ́, àti ojú tí a fi ń wo ẹni tí ó bá padà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn mìíràn ní kò tọ́ kí ọmọ kékeré máa kan ilẹ̀kùn àgbà láti sọ fún un pé ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ kò tó. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ sọ nínú èyí, nítorí pé ilẹ̀kùn tiwa ni àwọn míṣọ́nnárì ìgbà àtijọ́ kàn. Títí di oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ Mọ́mọ́nì kò fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni àwọn òjíṣẹ́ wọn dé Nàìjíríà, tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna ní ilẹ̀ Ìgbò. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà náà ń lẹ káàdì yẹn mọ́ àyà, wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, a lè gba ẹ̀kọ́ ìjọ náà tàbí kí a kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ onílùú ni ẹni tí a rán lọ kọ́ onílùú máa ń kọ́kọ́ dà. Ìyàwó ilé tí ó tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe àti bàbá arúgbó tí ó fi ọ̀wọ̀ lé e padà lẹ́nu ọ̀nà ni olùkọ́ rẹ̀. Bí ó bá gbà kí wọ́n kọ́ òun, oyè alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ́. Bí kò bá gbà, yóò lo ọdún méjì ní Japan láìdé Japan. Ìbéèrè tí a ó fi lé àwọn olùjíròrò lọ́wọ́ nìyí: nínú àwọn ọ̀dọ́ tiwa tí a ń rán lọ sí ìlú òkèèrè fún ẹ̀kọ́ tàbí fún iṣẹ́, mélòó ni a kọ́ láti fetí sílẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu?