Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Lórí Kọ́kọ́rọ́ Ilé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Wulari, Maiduguri)

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Lórí kọ́kọ́rọ́ ni, àti lórí ẹni tí ó yẹ kí a gbé e lé lọ́wọ́.

Nílé, bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ẹ̀gbọ́n kan ń bẹ nínú agbo ilé tí yóò gbà wá sùn. Níhìn-ín, yàrá tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sùn sí náà ni ẹrù ọjà wà. Bí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ wa lójú lóru, ìkánjú ni a fi ń pe ẹnikẹ́ni tí a bá kọ́kọ́ rí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Kò sí àgádágodo tí a kò lè ṣí. Ní London, ilé iṣẹ́ Joseph Bramah gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ yóò gba 200 gíní. Ní 1851, ará Amẹ́ríkà kan, A. C. Hobbs, dé, ó sì ṣí i. Bí ìyẹn bá ṣí, mélòó mélòó ni èyí tí a rà lọ́jà! Ìwà ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ààbò wa, kì í ṣe irin nìkan.

Báwo ni a ó ṣe mọ oníkọ́kọ́rọ́ rere? Ìkínní, yóò bi wá pé, "Ilé ta ni èyí?" Àwọn kan nínú wa a máa bínú pé ṣé àwọn jọ olè ni. Ẹ má bínú. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa láìbéèrè, yóò ṣí i fún olè láìbéèrè. Ẹ pe onílé tàbí aládùúgbò kí ó wá jẹ́rìí. Ìkejì, ó ní ìsọ̀ tí a lè padà sí lọ́la. Ìkẹta, yóò sọ iye owó rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, yóò sì gbìyànjú àtiṣí i kí ó tó ní àfi kí òun fọ́ ọ. Ọ̀sán ni kí a ti mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí òru tó dé.

Bí a bá fẹ́ gé kọ́kọ́rọ́ kejì, kí a dúró tì í títí yóò fi parí. Kọ́kọ́rọ́ tí ó sùn sí ìsọ̀ lè bí ọmọ. Inú àgádágodo kún fún irin wẹ́wẹ́ tí eyín kọ́kọ́rọ́ ń gbé sókè kí wọ́n tò dọ́gba. Bí eyín kan bá yẹ̀ díẹ̀, kò ní yí. Nítorí náà, ojúlówó ni kí a fi gé òmíràn, kì í ṣe àdàkọ.

Eruku ọyẹ́ Borno náà ń ba àgádágodo jẹ́. Ẹ má da epo sí i, nítorí epo a máa mú eruku dì. Ẹ fi pẹ́ńsù dúdú ra eyín kọ́kọ́rọ́ dáadáa, kí ẹ yí i nínú rẹ̀ nígbà mélòó kan.

Bí a bá gba yàrá tuntun, kí a pààrọ̀ àgádágodo, torí ẹni tí ó kó jáde lè ṣì ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, ọwọ́ ènìyàn ni kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà, kì í ṣe abẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti òru. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, 2024, omi tí a sé ní Alau ya, ó sì bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Maiduguri. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í fún ènìyàn láyè àtiwá kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ láti inú, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sí ibi tí ọmọdé lè nawọ́ kàn nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ará ìta kò lè tó. Ilẹ̀kùn tí ó ń dènà olè kò gbọdọ̀ dènà ẹni tí ń sá fún omi tàbí iná.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù ti ní kọ́kọ́rọ́ méjì, kí ó sì ti mọ ẹni tí yóò fi ọ̀kan sí lọ́wọ́.